Suzuki SJ410 mi ń já kúrò nínú jíà, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Suzuki SJ410 bàbá mi, jíìpù kékeré kan, ni mò ń tò pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 970 cc, ti nọ́ọ̀kì, ni mo bá gbé ẹ́ńjìnnì 1.3 lítà tòkúnbọ̀ ti Suzuki SJ413 sí i. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi ariwo sàlẹ́ńsà tí àwọn aládùúgbò ń tìtorí ẹ̀ bú mi.

Wàhálà mi ni àpótí jíà kejì, èyí tó ń pín agbára sí táyà iwájú àtẹ̀yìn. Ara jíìpù kan tó ti di pàǹtí ni mo ti tú u. Tí mo bá fi sí 4L (jíà alágbára tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà) tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, bí mo bá ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná báyìí, gbàgà! Ọ̀pá jíà á ta padà sáàárín. Mo wo rọ́bà mẹ́ta tó gbé àpótí jíà kejì náà dúró. Ọ̀kan ti ya débi pé ìka mi wọ inú ẹ̀.

Ṣé rọ́bà yẹn nìkan ni, àbí sípírìngì àti bọ́ọ̀lù kékeré inú àpótí jíà náà, tó ń di jíà mú, ló ti jẹ? Mi ò fẹ́ tú u sílẹ̀ lásán, ẹ̀yìn ń ro mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ kọ́kọ́ pààrọ̀?