Iṣẹ́ gúrúùpù nílé ìwé: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ o. 2022 ni, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ yẹn, wọ́n wá ń rọ iṣẹ́ fún wa bí ẹni ń rọ ọmọ lágbo. Olùkọ́ ní ká pín ara wa ní mẹ́jọ mẹ́jọ, ká yan líìdà. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán táwọn ọ̀rẹ́ méje kan ti jókòó ti ara wọn, èmi ni wọ́n fi dí àyè tó kù, torí mo ní láptọ́ọ̀pù. Bọ̀bọ́ tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún dípátímẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe líìdà, ẹnì kan ò bèèrè bóyá ó máa ń ka ìwé.

Mò ń tẹ iṣẹ́ lóru, wọ́n ń fi sítíkà ẹ̀rín ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tó kan orúkọ, ti líìdà lókè, tèmi nísàlẹ̀ pátápátá, èmi náà ni mo sì fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́! Mo ní ká yọ ẹnì kan tí ò ṣe nǹkan kan, ó ní “Jọ̀ọ́, a jọ ń gbé yàrá ni.” Ó parí.

Àmọ́ n ò ní purọ́. Lọ́jọ́ tá a fẹ́ sọ iṣẹ́ yẹn iná lọ, olùkọ́ ní òdo ni. Bọ̀bọ́ yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú kọ́rídọ̀, ó fọ̀rọ̀ Arsenal pa bàbá yẹn lẹ́rìn-ín, wọ́n sún wa sí ọ̀sẹ̀ kejì. Èmi ò lè ṣe é láéláé.

—

Tìyín tiẹ̀ dáa. Èmi dìbò fún ọ̀rẹ́ mi kó ṣe course rep, aṣojú kíláàsì, torí ọ̀rẹ́ mi ni ṣá. Ó gbowó hándáòtù, hándáòtù ò dé, gbogbo kíláàsì wá ń bi èmi! Mo di lọ́yà ọ̀ràn tí n ò mọ̀ mọ́ ọn. A ò kí ara wa mọ́ báyìí.

—

Nọ́ńbà mátíríìkì ni wọ́n fi pín tiwa, kò sẹ́ni tó mọ ẹnì kejì. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ń kọ ọ́ sínú ẹsásáìsì búùkù ẹ̀, ẹni tó ṣe kiní kan àti ẹni tó sá, ó ní òun máa há a mọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ fún olùkọ́. Háà, gbogbo wa ṣiṣẹ́ o! Ìgbà tó jáde fún course rep, ìbò mọ́kànlá ló rí.