Ìyá mi kò fẹ́ ká dárúkọ àbúrò mi mọ́. Kí ni kí n sọ fún ọmọ rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Àjọkẹ́, Ìbàdàn

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Yóò pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀ tí àbúrò mi obìnrin ti lọ. Ọmọ ọdún 26 ni. Àjọkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Oríkì yẹn nìkan ni n ó kọ síbí, nítorí ìyá mi.

Ilé aláró ni ilé wa. Ìyá àgbà rẹ aṣọ, ìyá mi rẹ aṣọ, ṣùgbọ́n nínú àwa ọmọ, Àjọkẹ́ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Èmi a máa se ẹ̀kọ láfún fún un, n ó fi álọ́ọ̀mù sí i, n ó sẹ́ ẹ kó má bàa ní kókó. Òun a mú ìyẹ́ adìẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí tó wà láàárín àwọn òpó náà, bó ṣe máa ń wà lára àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Kì í lo rúlà. Bó bá ń yà á, a máa ká ẹnu jọ bí ẹni ń fọn fèrè, láìsí ohùn kankan.

Ó bímọ obìnrin. Wẹ́rẹ́ ló bí i. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ní orí ń fọ́ òun, ojú òun ń ṣe bàìbàì. Mo ní àìsùn ni. Mo fún un ní parasẹtámọ́ọ̀lù méjì, mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sinmi. Òru ọjọ́ náà ni gìrì mú un. Kí a tó rí mọ́tò, kí a tó dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Aṣọ ìkómọ ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n sin ín láàárọ̀, ìyá mi kò sì mọ ojú oórì rẹ̀ títí dòní. Ó kó ẹrù rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, ó yọ fọ́tò rẹ̀ lára ògiri, ó ní a kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́, pé kò níí jẹ́ kó sinmi. Ó da ìkòkò aró nù, kò rẹ aṣọ mọ́. Ẹyọ aṣọ kan ni mo rí gbé pamọ́: Ìbàdàn dùn kan tí kò tíì yà tán, ìlà kan ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀kọ ara rẹ̀ ti gbẹ, ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀.

Mọ́mì ni ọmọ náà ń pè mí. Ó rí aboyún kan ládùúgbò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá bi mí: "Mọ́mì, ṣé inú yín lèmi náà ti wá?" Mo ní kó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé lóòótọ́ ni àṣà kọ̀ ọ́ ká máa rántí òkú ọ̀fọ̀?

Bàbá Kúdẹtì

Ọmọ mi, o kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dá ọmọ tó fi sílẹ̀ sí.

Ìnáwó la kì í ṣe fún òkú ọ̀fọ̀. A kì í lùlù, a kì í dá aṣọ ẹbí, òbí kì í sì í bá ọmọ dé ibojì. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní ká má pe oríkì ẹni tó kú?

Má bá ìyá rẹ jà o. Kò gbàgbé. Èmi náà pàdánù ọmọkùnrin kan ní 1998. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń jáde síta. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń dúró sí, n ó máa gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Parasẹtámọ́ọ̀lù yẹn ni mo rí nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, títí di bí ọ̀sẹ̀ 6, kódà bí kò ní in nígbà oyún. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú bàìbàì, ìrora lókè ikùn, ojú àti ọwọ́ tó wú: ẹni tó bá rí èyí, kó gbé abiyamọ lọ síbi tí wọn yóò ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate wà fún gìrì náà. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ti bí tán, a ó kí i pé ó kú ewu, gbogbo wa á sì rò pé ewu ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á.

Bí ọmọ náà bá dàgbà, ẹ sọ èyí fún un. Ó máa ń wà nínú ẹbí nígbà mìíràn, ó sì yẹ kí agbẹ̀bí tirẹ̀ mọ̀.

Ọmọ Peckham

Èmi ni ọmọ yẹn. Ọmọ oṣù 4 ni mí nígbà tí ìyá mi kú ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ mi, òun ló mú mi wá sí London. Mo di ọmọ ọdún 14 kí àlejò kan níbi ìgbéyàwó tó wò mí, tó ní, "Háà, o jọ ìyá rẹ! Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi. Mo wo ẹni tí mo ń pè ní Mọ́mì, ó wolẹ̀.

Mi ò bínú sí i mọ́. Àmọ́ mi ò mọ bí ìyá mi ṣe ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó rántí mọ́ tí mo lè bi. Àǹtí, ẹ̀yin rántí pé tiyín máa ń ká ẹnu jọ bí ẹni ń fọn fèrè. Ẹ sọ ìyẹn fún un.

Ẹ̀gbọ́n Àjọkẹ́, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, mo sunkún.

Lálẹ́ àná mo tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo pe ọmọ wá. Mo ní, "Ìyá rẹ ló ya èyí. Inú rẹ̀ lo ti wá." Ó ń fi ìka tọ òpó Mápó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí ìgbà tó ń bọ̀ wá parí rẹ̀. Mo ní kò níí lè wá. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ nǹkan kan, ó padà sí yàrá rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ̀kọ ara rẹ̀ má bàa ṣí. Kò wojú mi. Ó ní, "Ta ló ń gbé aṣọ Àjọkẹ́ síbi tí eku ti lè jẹ ẹ́?"