Ìpele tàbí awẹ́? Lórí orúkọ tí a ó fún «calque»

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Kétu. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣábẹ̀ẹ́ dábàá pé kí a máa pe ohun tí àwọn Faransé ń pè ní calque nínú iṣẹ́ àtúnṣe fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn abala tí a ń tẹ́ lé orí fọ́tò kí a lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìfọwọ́ kan fọ́tò fúnra rẹ̀, ní «awẹ́». Ẹnì kan láti Àjàṣẹ́ sì tako «ìpele», orúkọ kejì tó wà nílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti di ti kíláàsì ilé ìwé. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ fèsì sí.

Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan bí a ṣe ń lo GIMP, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún àtúnṣe fọ́tò tí Spencer Kimball àti Peter Mattis bẹ̀rẹ̀ ní 1995, láti fi sàmì sí fọ́tò ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan: ọfà kan sí ilà ojú, òmíràn sí gèlè, òmíràn sí ẹyẹ àti ejò tí wọ́n gbẹ́ sórí rẹ̀, kí orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì wà nídìí ọfà tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan fa ọfà pupa rẹ̀ sára fọ́tò náà gan-an, ó fi í pamọ́ ní JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ó sì pa kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a rí i pé àbàjà ni ilà tó kọ «pélé» sí. Ó fẹ́ pa ọfà àti orúkọ náà rẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ìparẹ́ bá gbà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère ń bá a lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé awẹ́ kò lè gbé e. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni awẹ́ obì ń fara tì, kò sí èyí tó gun orí èkejì, bí a bá sì yọ ọ̀kan, obì kò pé mọ́. Mo bi ọmọ náà pé: «Bí ìyá rẹ bá ró ìró tán, kí ló ń lọ́ lé e?» Ó ní ìpele ni. «Bó bá tú ìpele ńkọ́?» Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìró wà níbi tó wà. Mo ní kó lọ fa ọfà rẹ̀ sórí ìpele tuntun. Kò tún bi mí ní ohun tí àmì ojú kékeré ẹ̀gbẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan ń ṣe: bí a bá tẹ̀ ẹ́, ọfà a pòórá, ère a sì dúró láìlábààwọ́n, bí a bá tún un tẹ̀, ọfà a padà. Ìdí tí a fi ń fi iṣẹ́ tí kò tíì parí pamọ́ ní XCF, irú fáìlì GIMP tó ń pa ìpele mọ́ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, náà yé e kíákíá. JPEG ní tirẹ̀ dà bí aránṣọ tó rán ìpele mọ́ ìró. Kò sí bí a ó ṣe tú u mọ́.

Nítorí náà, ti kíláàsì kò pa ti aṣọ. Àwọn ìyá wa kò tíì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún olùkọ́. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ lé àwòrán kí wọ́n lè dà á kọ ni Faransé wò tó fi sọ ọ́ ní calque. Kí ló dé tí a kò ní wo aṣọ tiwa? (Calque kan náà ni àwọn onímọ̀ èdè ń pe ọ̀rọ̀ tí a tú ní ẹyọ-ẹyọ láti inú èdè ẹlòmíràn, ìyẹn gan-an ni ohun tí a ń sá fún níbí.)

Kò sí àríyànjiyàn lórí ọfà. «Sàmì sí» tó fún annoter. «Ìfàmìṣàlàyé» tí àwọn kan gbé wá gùn ju iṣẹ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a gba «gé etí àwòrán» fún recadrer, ìyẹn kí a gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò tí a kò fẹ́ kúrò. Mo pàṣẹ rẹ̀ lórí fọ́tò bàbá ọmọ kan, kíláàsì sì tú ká fún ẹ̀rín. «Rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀» ni mo ń sọ nísinsìnyí.

Bí wọ́n bá ní orúkọ mìíràn fún aṣọ òkè ìró ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí ẹ̀gbọ́n wa jọ̀wọ́ fi í ránṣẹ́ kí a tó tẹ ìwé ìléwọ́ àwọn ọmọ.