Omi àyẹ̀wò ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì mí lọ́nà

Inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tí ara rẹ̀ kò yá rárá ni a ti rí kòkòrò Pseudomonas tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo oògùn apakòkòrò tí a kọ́kọ́ dán wò, títí kan meropenem, kò ràn án. Dókítà wá béèrè bóyá cefiderocol, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, lè ká a.

Mo to oògùn náà sínú àwo oníhò, mo ń dín in kù ní ìdajì láti ihò kan sí èkejì, mo bu kòkòrò sí i, mo sì gbé e sínú ẹ̀rọ amóoru ní 35°C. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ihò ni omi inú wọn ti rú, àmì pé kòkòrò ti dàgbà níbẹ̀. Ìwé èsì ti wà níwájú mi kí n tó wo ATCC 27853, kòkòrò tí a mọ ìwà rẹ̀, tí a máa ń dán wò pọ̀ mọ́ ti aláìsàn. Cefiderocol tí kò ju 0.5 míkírógíráàmù nínú mìlílítà kan lọ yẹ kí ó ti dá a dúró, ṣùgbọ́n tèmi kọjá ibẹ̀. Àyà mi já.

Omi Mueller-Hinton lásán, omi tí a fi ń tọ́ kòkòrò, ni mo lò, láìyọ irin inú rẹ̀. Cefiderocol a máa so mọ́ irin, kòkòrò tí ó ń wá irin kiri a sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n bí irin bá ti wà lọ́pọ̀ nínú omi, kòkòrò kì í ṣí ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀, oògùn á sì dúró síta. Nínú ara ẹni tí àkóràn wà lára rẹ̀, irin tí kòkòrò lè rí gbà kò tó nǹkan, ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yọ irin inú omi àyẹ̀wò títí yóò fi kù tó 0.03 míkírógíráàmù nínú mìlílítà kan.

Mo tún un ṣe nínú omi tí a ti yọ irin inú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ATCC 27853 wà ní ààyè rẹ̀. Ní ti aláìsàn, àwọn ihò kan ní ìrúrú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín tí ó ti fẹ́ tán, nígbà tí ihò tí kò ní oògùn ní ìdì funfun kan tí ó ki ní ìsàlẹ̀. Mo pe ẹnìkejì mi kí ó bá mi wò ó, nítorí pé irú ìrúrú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdàgbàsókè tòótọ́ fún oògùn yìí, ẹni tí kò bá sì mọ̀ yóò kà á sí i. Ojú wa ṣe déédéé: oògùn náà ràn án. Ọjọ́ kan gbáko ni àṣìṣe mi gbà lọ́wọ́ aláìsàn náà, ó sì dùn mí. Mo pe dókítà kí n tó tẹ èsì náà jáde.