Spectrum mi kì í lóòdù géèmù tán, ẹ gbà mí

ỌmọKásẹ́ẹ̀tì: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ilé o. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ZX Spectrum 48K, bọ́ sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì géèmù mélòó kan. Mo tẹ LOAD "", mo tẹ Play lórí rẹ́kọ́dà, ìlà aláwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré létí tẹlifíṣàn, orúkọ géèmù á jáde, inú mi á ti máa dùn, àfi kó tó bí ìṣẹ́jú 3 kó kàn kọ "R Tape loading error, 0:1" sí mi lójú, ó di kí n tún wé tẹ́ẹ̀pù padà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lánàá nìkan! Ṣé kọ̀ǹpútà yìí ti kú ni àbí kásẹ́ẹ̀tì ló ti gbó?

BàbáZ80: Kò kú o jàre. Tórúkọ bá ti ń jáde, ó ń gbọ́ tẹ́ẹ̀pù nìyẹn. Àmọ́ inú báìtì 17 péré (báìtì ni ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ọ̀rọ̀) lorúkọ yẹn wà, ìyẹn ò le, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó tẹ̀ lé e lọ̀gá, bó bá ti pàdánù ìró kan ṣoṣo nínú ẹ̀, ó parí. Yí fọ́lúùmù sókè díẹ̀ díẹ̀, má yí i débi tó máa fi máa ya. Ṣé o tiẹ̀ ti nu hẹ́ẹ̀dì rẹ́kọ́dà yẹn, irin kékeré tó ń ka tẹ́ẹ̀pù, rí? Fi òwú àti sípírítì nù ún.

Oní64: Ẹ pẹ̀lẹ́ o ẹ̀yin oníyà fọ́lúùmù 😂 1982 kan náà ni kọ̀ǹpútà tiwa, Commodore 64, jáde pẹ̀lú Spectrum, àmọ́ ó ní rẹ́kọ́dà tiẹ̀, Datasette, kò sí fọ́lúùmù tẹ́nì kan ń yí lára ẹ̀.

BàbáZ80: Má dá a lóhùn, hẹ́ẹ̀dì Datasette náà máa ń yẹ̀. Àbúrò, tó o bá ti nù ún tí ò gbọ́, síkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hẹ́ẹ̀dì yẹn. Yọ wáyà EAR, èyí tó ń gbé ìró láti rẹ́kọ́dà lọ sínú kọ̀ǹpútà, kó o lè máa gbọ́ ariwo tẹ́ẹ̀pù, kó o wá fi sukudiráfà tín-ín-rín yí i díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá gún, ariwo yẹn á dà bí ẹni tó faṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀, ibi tó bá ti ń han gooro tó ń gún ẹ létí ni kó o dá a dúró sí.

ỌmọKásẹ́ẹ̀tì: Bàbá, ẹ ṣeun gan-an! Mi ò yí síkúrù yẹn tó ìdajì ìyípo, ó lóòdù tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo pariwo débi tí wọ́n fi wá wò mí. Ìbéèrè kan ló kù: ọkùnrin inú géèmù yìí funfun, àmọ́ tó bá ti dé ìdí igi, àwọ̀ ewé ni gbogbo ara ẹ̀ ń dà. Ṣé àìsàn míì nìyẹn?

Oní64: Hahaha, kì í ṣàìsàn, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn! Wọ́n pín ojú Spectrum sí àpótí kéékèèké, 8 ní 8, àwọ̀ méjì péré ni wọ́n gbà láyè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tọ́kùnrin ẹ bá wọnú àpótí igi, ó di dandan kó wọṣọ igi.

BàbáZ80: Ìyẹn náà ni gbogbo ojú ẹ̀ ò ṣe gbà ju báìtì 6912 lọ, kí géèmù lè ráyè jókòó. Oní64, tìẹ náà pín sí àpótí o, sprite 8 tí wọ́n fún ẹ, àwọn àwòrán tó ń rìn lójú ẹ̀ láìwọṣọ àpótí, ló ń bò ẹ́ láṣìírí.