Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé kóòdù elliptic curve tí mo fọwọ́ ara mi kọ tó láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí. Mo ń kọ áàpù kan fún àwọn alájọ, ìyẹn àwọn tó ń gba owó àjọ lójoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò inú ọjà, kí wọ́n lè máa fi fóònù kọ iye tí oníkálukú bá san sílẹ̀ dípò káàdì. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti burú, fóònù alájọ kan lè fi Bluetooth gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún fóònù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún bá a fi ránṣẹ́ sí sáfà wa nígbà tó bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Nítorí náà ni TLS nìkan, ìyẹn ìlànà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ láàárín fóònù àti sáfà, kò fi tó fún wa: ẹni tó bá wọn gbé àkọsílẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ lè kà á, kò sì gbọ́dọ̀ lè yí iye owó inú rẹ̀ padà.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo fi èdè Python kọ ìṣirò P-256 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sórí sáfà; ọ̀kan lára àwọn kọ́ọ̀fù elliptic curve ni, ìyẹn ìlà títẹ̀ inú ìṣirò tí a ń ro àmì pọ̀ lórí rẹ̀ kí ìhà méjì lè jọ rí kọ́kọ́rọ́ kan náà. Sáfà ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan ṣoṣo tí kì í yí padà. Fóònù kọ̀ọ̀kan ń dá kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí, ránṣẹ́ ní báìtì 65 tí àkọ́kọ́ wọn jẹ́ 04. Ìhà méjèèjì á wá ṣírò àmì kan náà, ìyẹn nọ́ńbà méjì x àti y, lórí kọ́ọ̀fù. Mo ń mú x àmì yẹn, mo sì ń fi ṣe kọ́kọ́rọ́ AES-256, èyí tí a fi ń ti àkọsílẹ̀ pa, tààrà. Fóònù àti sáfà ń rí èsì kan náà ní gbogbo ìgbà tí mo dán an wò. Ṣé ó tó láti gbé síta báyìí? Tàbí kí n yí sí X25519, ìlànà pàṣípààrọ̀ mìíràn tó ń lo kọ́ọ̀fù tirẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Pé ìhà méjèèjì rí èsì kan náà fi hàn pé ìṣirò yín tọ̀nà nígbà tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń torí rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ mọ́ kì í ṣe olóòótọ́. Nígbà tí sáfà bá gba báìtì 65 yẹn, ṣé ó ń wò ó bóyá àmì náà wà lórí P-256 ní ti gidi, kó tó fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Kò sí àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló lè ti ibẹ̀ jáde?

Ìyá Ìbejì

Gbogbo kọ́kọ́rọ́ yín ló lè ti ibẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ká fi kọ́ọ̀fù kékeré kan tí wọ́n sábà máa ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àpẹẹrẹ: y² = x³ + 2x + 2, níbi tí a ti ń fi 17 pín gbogbo iye, tí a sì ń mú ìyókù. Àmì (5, 1) wà lórí rẹ̀, nítorí pé 125 + 10 + 2 jẹ́ 137, ìyókù rẹ̀ sì jẹ́ 1, tó bá y² mu. Wàyí o, kí ọ̀tá fi (3, 0) ránṣẹ́ sí wa. Kò sí lórí kọ́ọ̀fù wa, torí pé 27 + 6 + 2 jẹ́ 35, ìyókù rẹ̀ sì jẹ́ 1, kì í ṣe òdo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlànà tí a fi ń ro àmì pọ̀ mọ́ àmì dáadáa: nọ́ńbà 2 tó kẹ́yìn nínú ìdọ́gba yẹn, tí wọ́n ń pè ní b, kò sí nínú ìlànà náà rárá. Kóòdù tí kò bá ṣe àyẹ̀wò kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò lórí kọ́ọ̀fù tòótọ́, pé òun ti bọ́ sórí y² = x³ + 2x + 1, níbi tí a bá ti ro (3, 0) mọ́ ara rẹ̀, òfo ló ń dà, ìyẹn àmì tó dúró fún òdo nínú ìṣirò kọ́ọ̀fù.

Bí kọ́kọ́rọ́ àṣírí sáfà bá jẹ́ nọ́ńbà tí 2 lè pín láìṣẹ́kù, bíi 8, èsì á di òfo. Bó bá jẹ́ 7, èsì á padà di (3, 0). Ọ̀tá á fi 3 tì ọ̀rọ̀ kan pa, á fi ránṣẹ́, á sì máa wò ó bóyá sáfà yóò ṣí i tàbí yóò kọ̀ ọ́. Ìwà sáfà nìkan ti sọ bíìtì kan nínú kọ́kọ́rọ́ yín fún un. Yóò tún padà wá pẹ̀lú àwọn àmì mìíràn tí a bá rò mọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀méje tí wọ́n fi ń di òfo, á máa kó ìyókù jọ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi tò wọ́n pọ̀ di odidi kọ́kọ́rọ́. Torí pé kọ́kọ́rọ́ sáfà yín kì í yí padà, ara kọ́kọ́rọ́ kan náà ni gbogbo ìgbìyànjú rẹ̀ ń bà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pátákó ìkọ̀wé lásán. Ní 2018, Eli Biham àti Lior Neumann ti ilé ẹ̀kọ́ Technion ní Ísírẹ́lì fi hàn pé ìlànà tí Bluetooth fi ń so ẹ̀rọ méjì pọ̀ ń dáàbò bo x, ó sì fi y sílẹ̀ láìdáàbò bò. Wọ́n sọ y di òdo lójú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe lókè yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì gbà á láìṣe àyẹ̀wò. CVE-2018-5383 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún àléébù náà. Ẹ rántí pé Bluetooth náà ni ẹ̀yin fẹ́ fi gbé àkọsílẹ̀ yín.

Bí ẹ bá dúró ti P-256, ẹ rí i dájú pé x àti y kéré sí nọ́ńbà p (èyí tí P-256 fi ń pín, bíi 17 inú àpẹẹrẹ wa), pé wọ́n bá ìdọ́gba kọ́ọ̀fù náà mu, àti pé àmì náà kì í ṣe òfo. Ó sì sàn kí ẹ fi iṣẹ́ náà lé library, ìyẹn àkójọ kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀ fún ìlò, lọ́wọ́: nínú library cryptography ti Python, from_encoded_point máa ń kọ àmì tí kò bá sí lórí kọ́ọ̀fù.

Ọmọ Àkúrẹ́

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ. Ẹ̀dùn ọkàn tèmi ni Python tí ẹ fi kọ ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Odidi nọ́ńbà inú Python kì í gba àkókò kan náà láti ṣírò: bí nọ́ńbà bá ti rí ni àkókò rẹ̀ ń gùn tàbí ń kúrú. Láti 1996 ni Paul Kocher ti fi hàn pé ẹni tó bá ń wọn àkókò ìṣirò lè ti ibẹ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ní 2011, Billy Bob Brumley àti Nicola Tuveri ṣe irú rẹ̀ sí OpenSSL, library ìdáàbòbò kan tí ọ̀pọ̀ ń lò, láti ẹ̀yìn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí oríṣi kọ́ọ̀fù kan tí wọ́n fi ń buwọ́ lu ìwé, bẹ́ẹ̀ OpenSSL kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí kóòdù tí ẹ fọwọ́ kọ wà fún ẹ̀kọ́, kó má wọ inú áàpù tí owó ọjà àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀.

X25519 ni èmi yóò lò. Daniel J. Bernstein ló gbé kọ́ọ̀fù rẹ̀ kalẹ̀, orí nọ́ńbà 2²⁵⁵ − 19 ló dúró lé, ìwé ìlànà RFC 7748 ti January 2016 sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Báìtì 32 péré ni kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀, x nìkan ló ń lò, wọ́n sì ti yan kọ́ọ̀fù náà lọ́nà tí àmì tó bá bọ́ sórí ìkejì rẹ̀, ìyẹn kọ́ọ̀fù tí x tí kò bá sí lórí tirẹ̀ ń bọ́ sí, kò fi ní tú kọ́kọ́rọ́ síta bí ti òkè yẹn. Kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń pa bíìtì mẹ́ta tó kéré jù nínú báìtì àkọ́kọ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí, a ń pa bíìtì tó ga jù nínú báìtì ìkẹyìn, a sì ń tan èyí tó tẹ̀ lé e. Library á bá yín ṣe é. Ohun tó kù fún yín ni kí ẹ kọ èsì tí gbogbo báìtì rẹ̀ bá jẹ́ òdo; TLS 1.3 sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń lò ó.

Akọ́mọlédè Ẹ̀rọ

Mo ní èrò tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ọmọ Àkúrẹ́. X25519 dára, ṣùgbọ́n ibi tí fóònù ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́ sí ṣe pàtàkì fún alájọ tí wọ́n lè jí fóònù rẹ̀ nínú ọjà. Secure Enclave, ìyẹn àpótí kọ́kọ́rọ́ inú fóònù Apple, ń lo P-256; Android Keystore, irú rẹ̀ lórí Android, náà sì ti mọ P-256 tipẹ́. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí a bá dá síbẹ̀ kì í jáde kúrò nínú ẹ̀rọ. Fún ìdí yìí, èmi yóò ní kí ẹ lo P-256 fún kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lùwé fóònù kọ̀ọ̀kan (èyí tó ń fi hàn pé fóònù yẹn ló kọ àkọsílẹ̀), kí ẹ sì fi X25519 ṣe pàṣípààrọ̀, torí pé kọ́kọ́rọ́ ti pàṣípààrọ̀ lè jẹ́ èyí tí a dá fún àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, tí a sì sọ nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Àbá yín lágbára ju tèmi lọ fún irú iṣẹ́ yìí.

Bàbá Ìlárá

Ọmọ mi, ìbuwọ́lùwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu bà yìí ni mo fẹ́ kí o dúró lé. Nínú ohun tí o ṣàlàyé, kí ló fi dá sáfà lójú pé ọ̀dọ̀ alájọ yìí ni kọ́kọ́rọ́ gbangba náà ti wá? Láti 1976 tí Whitfield Diffie àti Martin Hellman ti gbé ìlànà pàṣípààrọ̀ jáde, títí dé 1985 tí Neal Koblitz àti Victor Miller, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dábàá pé ká lo elliptic curve, ìṣirò náà kò fìgbà kan sọ fún wa ẹni tó wà ní ìhà kejì. Ẹni tó bá ń bá alájọ gbé àkọsílẹ̀ lè ju èyí tó gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó dá kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kó sì kọ iye owó tó bá wù ú lórúkọ alájọ náà. Nítorí náà, nígbà tí ọ́fíìsì bá ń forúkọ alájọ sílẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ gbangba ti ìbuwọ́lùwé fóònù rẹ̀ lójúkojú, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ gbangba sáfà sínú áàpù fúnra rẹ̀.

Ohun tí alájọ yóò buwọ́ lù gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà fóònù nínú ìwé yín, nọ́ńbà àkọsílẹ̀ tí kì í padà sẹ́yìn, àti kọ́kọ́rọ́ gbangba sáfà tí a fi ránṣẹ́ sí. Bí kò bá sí nọ́ńbà àkọsílẹ̀, ẹni tó ń bá wọn gbé e lè fi àkọsílẹ̀ kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, owó oníbàárà á sì di ìlọ́po méjì nínú ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí ohunkóhun.

Má ṣe fi x ṣe kọ́kọ́rọ́ AES tààrà mọ́. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló lè jẹ́ x lórí kọ́ọ̀fù, nǹkan bí ìdajì wọn ni, nítorí náà x kò rí bí báìtì tí a ṣẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. HKDF, ìlànà tó ń sọ èsì pàṣípààrọ̀ di kọ́kọ́rọ́, tó wà nínú RFC 5869, ni kí o fi fún kọ́kọ́rọ́ jáde nínú rẹ̀, kí o sì fi kọ́kọ́rọ́ gbangba ìhà méjèèjì kún un. Bí o bá lo crypto_box_seal inú library libsodium, ó ti ṣètò èyí lọ́nà tirẹ̀: á dá kọ́kọ́rọ́ X25519 tuntun fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, báìtì 48 péré ni yóò sì fi kún un.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn

Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo máa yọ ìṣirò tí mo kọ kúrò lórí sáfà, màá lo crypto_box_seal, màá sì jẹ́ kí fóònù fi P-256 buwọ́ lu àkọsílẹ̀ kó tó tì í pa. Ohun kan ló kù. Bí ẹnikẹ́ni bá jí kọ́kọ́rọ́ àṣírí sáfà gbé lọ́jọ́ kan, ṣé kì í ṣe gbogbo àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá tó bá ti gbà lójú ọ̀nà ló máa ṣí?

Bàbá Ìlárá

Gbogbo èyí tí a fi kọ́kọ́rọ́ yẹn tì ló máa ṣí, nítorí pé ìhà fóònù nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ti ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ sáfà lásìkò tí ẹ bá dá. Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lùwé kan ní ọ́fíìsì tí kì í dé orí sáfà, kí kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀ wà nínú áàpù, kí ti ọ́fíìsì sì máa buwọ́ lu kọ́kọ́rọ́ sáfà tuntun pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Fóònù kò gbọ́dọ̀ gba èyí tí kò bá ní ìbuwọ́lùwé yẹn. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí àkọsílẹ̀ lè pẹ́ jù lójú ọ̀nà kó tó dé, lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì rí i pé kò ṣẹ́kù sínú ẹ̀dà ìpamọ́ kankan.