Owó ọ̀dá àwọn ọlọ́sìn màlúù Cherry County: ibi tí mo bá a dé rèé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní màá padà wá, mo ti dé, èyí sì ni mo fi máa pa á dé. Ohun tí mo béèrè ni pé kí ló dé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn ọlọ́sìn ní Cherry County, káúntì kan (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) ní ìpínlẹ̀ Nebraska, lówó, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ fíìfíì.

Owó ọ̀dá ló pọ̀ níbẹ̀. Tí òjò ò bá rọ̀ tí koríko gbẹ, wọ́n á wo máàpù ọ̀dá tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí káúntì yẹn bá ti wọ ìpele tí òfin sọ, wọ́n á san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó oúnjẹ ẹran fún oṣù mélòó kan, ẹnì kan ò sì lè gbà ju $125,000 lọ lọ́dún. Ẹni tó rẹ́ǹtì pápá náà lè gbà á, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé ẹran tiẹ̀ ló ń jẹ níbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀dá 2012. Ètò owó ọ̀dá yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní September 2011, kò sí kọ́bọ̀ fún wọn nígbà tí koríko gbẹ, àfìgbà tí òfin oko tuntun (òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣètò ọ̀rọ̀ àgbẹ̀) dé ní February 2014 ni wọ́n tó san ti ẹ̀yìn. Ẹni tó ti ta abo màlúù ẹ̀ torí àìrí koríko ńkọ́? Ní tèmi o, kí wọ́n máa sanwó náà, àmọ́ kó tètè dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i, ẹ ṣé gan-an ni.